Àjàò, Ògiri àti Iná Ààrò

"Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ, bí àjàò." Ẹni tí a kò rí ẹgbẹ́ kan pàtó kà á mọ́ ni Yorùbá ń fi òwe yìí bá wí. Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ kò gùn. Àjàò kú; àwọn aládùúgbò ránṣẹ́ sí àwọn ẹyẹ pé èèyàn wọn ti kú, kí wọ́n wá sin ín. Àwọn ẹyẹ dé, wọ́n yẹ òkú wò, wọ́n ní gbogbo ẹbí àwọn ló ní ìyẹ́, èyí kò ní. Wọ́n pe àwọn eku. Àwọn eku náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní gbogbo ẹbí àwọn ló ní ìrù, èyí kò ní. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Òkú wà nílẹ̀.

Àjàò ni a sábà máa ń dá lẹ́bi: ká ní ó mọ ibi tó fì sí ni, òkú rẹ̀ kì bá tí sùn síta. Èmi kò bá àjàò ṣẹjọ́ lónìí. Àwọn tó wá yẹ òkú wò ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, torí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dájọ́ lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà gbọ́, fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, pé ọpọlọ èèyàn ń gbà pín nǹkan sí ìsọ̀rí. Wọ́n ní ohun kọ̀ọ̀kan ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Bó bá ní àmì náà, ó wọlé. Bí kò bá ní in, ó dúró síta.

Orúkọ Aristotle ni ẹ̀kọ́ yìí rọ̀ mọ́ jù: sọ ìran tí nǹkan ti wá, sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín ìran náà, o ti túmọ̀ rẹ̀ tán. Àmọ́ àwọn Gíríìkì fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn sọ pé Plato, ọ̀gá Aristotle, ní ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ní ìyẹ́ ni èèyàn. Ni Diogenes bá tu ìyẹ́ àkùkọ kan tán pátápátá, ó gbé e wọ ilé ẹ̀kọ́ Plato, ó ní èèyàn tí Plato wí nìyí. Wọ́n ní láti fi "eékánná pẹlẹbẹ" kún ìtumọ̀ náà. Ẹ ṣáà wo ọ̀rọ̀ ìyẹ́ yìí. Àìníyẹ́ sọ àkùkọ di èèyàn ní Áténì. Àìníyẹ́ sọ àjàò di aláìlẹ́bí nílẹ̀ wa.

Ní tèmi, oríṣi ìsọ̀rí méjì ló wà, ìdàrúdàpọ̀ sì ni kí á máa fi ọ̀kan pe èkejì. Ọ̀kan ni ìsọ̀rí ológiri, èkejì ni ìsọ̀rí oníná. Ẹni tó wà nínú ògiri wà nínú ilé, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà níta. Kò sí ẹni tó wà nínú ilé ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ti iná ààrò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dá iná láàárín agboolé lálẹ́, tí àwọn ọmọ jókòó yí i ká fún àlọ́, ojú àwọn tó wà nítòsí á máa dán, òkùnkùn á bo ìdajì ara àwọn tó wà lẹ́yìn, ẹnì kan á sì fara ti igi ọsàn lọ́hùn-ún tí a kò ní mọ̀ bóyá àlọ́ ló ń gbọ́ tàbí ó ń kọjá lọ. Gbogbo wa mọ ibi tí iná wà. Kò sí ẹni tó lè fi ìka sílẹ̀ pé ibí gan-an ni ìmọ́lẹ̀ parí sí.

Iná ni ọpọlọ ń dá, kì í mọ ògiri. Ẹni tó fi èyí hàn kedere jù ni Eleanor Rosch, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn ní Yunifásítì California ní Berkeley, láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ó kó orúkọ nǹkan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ àpẹẹrẹ gidi tó nínú ìsọ̀rí rẹ̀. Bí àmì lásán bá ni, ẹyẹ á jẹ́ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ robin, tó wọ́pọ̀ lọ́gbà wọn, ló wà nídìí iná. Ògòǹgò jìnnà sí i. Àga wà nídìí iná ohun èlò ilé. Tẹlifóònù wà nínú òkùnkùn lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá sì bi èèyàn pé ṣé ẹyẹ ni robin, kíá ló ń dáhùn. Bó bá kan àwọn tó jìnnà síná, ó ń gba ìrònú díẹ̀. Àwa náà ń wí pé ògòǹgò lọba ẹyẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ dárúkọ ẹyẹ kan lójijì, ẹyẹlé lẹ máa dárúkọ, ẹ ò ní rántí kábíyèsí tí kò lè fò.

Mo rí i bí wọ́n ṣe ń dá iná yìí. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lágboolé wa, kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Ajá kan ṣoṣo ló mọ̀, ti ilé kejì. Lọ́jọ́ kan ewúrẹ́ wá jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ẹní tó jókòó sí. Ó nàka sí i: "Ajá!" Ìyá rẹ̀ ní, "Rárá o, ewúrẹ́ ni." Ológbò kọjá: "Ajá!" Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ láti wá a lábẹ́ tábìlì. Ọmọ náà wò wọ́n títí. "Ajá!" Ẹ̀rín pa wá, ìyá àgbà náà sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ ajá fún ọmọ yìí rí. Ajá kan ló rí, ó fi dáná, ó sì pe gbogbo ohun tó bá fẹsẹ̀ mẹ́rin rìn wá jókòó tì í. Kò tó oṣù mẹ́fà tó ti dáná ti ewúrẹ́ àti ti ológbò lọ́tọ̀. Ẹ tún wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: kò kọ́kọ́ sọ "ẹranko," kò sì sọ "ajá ọdẹ." Àárín méjèèjì ló mú. Rosch kíyè sí èyí náà: ìpele àárín yìí ni èdè ọmọdé ti ń gbéra.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ló yẹ kí á fi tún èrò kan ṣe tó ti wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á ní Yorùbá kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, funfun, dúdú àti pupa, nítorí náà ojú Yorùbá kò rí ewé yàtọ̀ sí aró. Orúkọ ni wọ́n ń kà, wọ́n rò pé ojú ni wọ́n ń kà. Brent Berlin àti Paul Kay yẹ èdè 98 wò nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1969, wọ́n sì rí èdè tó ní orúkọ àwọ̀ méjì péré àti èyí tó ní 11. Rosch lọ sọ́dọ̀ àwọn Dani ní Papua, tí orúkọ méjì, mili àti mola, tó fún wọn, ó sì rí i pé ojúlówó àwọ̀ tó ń rọrùn fún ará Amẹ́ríkà láti rántí ń rọrùn fún àwọn náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 2000, àwọn olùwádìí mìíràn fi ìwádìí lọ́dọ̀ ẹ̀yà mìíràn, àwọn Berinmo, hàn pé orúkọ náà máa ń fa ìrántí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà orúkọ kò fọ́ni lójú, àmọ́ ó lọ́wọ́ nínú ibi tí a ń dáná sí. Ẹ gbọ́ bí àwa náà ṣe ń sọ̀rọ̀: ata pọ́n, ọsàn pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kò jọ ẹ̀jẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó jókòó sídìí iná pupa. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ náà, èèyàn pupa ni.

Ẹlòmíì á ní nǹkan kan ṣáà wà tó ní ògiri gidi. Òótọ́ ni. Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ògiri rẹ̀ kò lálàfo. Síbẹ̀, nígbà tí Sharon Armstrong, Lila Gleitman àti Henry Gleitman bi àwọn èèyàn ní 1983, wọ́n ní 3 jẹ́ àpẹẹrẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ju 447 lọ. Nínú ilé ológiri pàápàá, ọpọlọ tún dáná. Ìgbà mìíràn sì wà tí ìrísí kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ní 1983 yìí kan náà, Lawrence Barsalou kọ̀wé nípa ìsọ̀rí tí a ń dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, irú bí ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ gbé jáde bí ilé bá ń jó. Àwa ní tiwa tí kò tilẹ̀ nílò iná ilé: ẹrù ìyàwó. Kí ló pa iyọ̀, oyin, orógbó, iṣu àti ataare pọ̀? Ẹ gbé wọn síwájú ẹni tí kò mọ àṣà wa, á ṣàlàyé títí, kò ní débẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdúrà ló kó wọn jọ sórí àtẹ.

Báwo wá ni ògiri ṣe pọ̀ láyé tó báyìí? Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ẹjọ́. Ní New York lọ́dún 1818, òfin ní kí wọ́n máa yẹ òróró ẹja wò kí wọ́n tó tà á. Oníṣòwò kan ra òróró àbùùbùtán, ó ní òun kò sanwó àyẹ̀wò, torí àbùùbùtán kì í ṣe ẹja. Samuel Mitchill, ọ̀mọ̀wé ńlá, jẹ́rìí pé òótọ́ ló wí: ó ń mí sí afẹ́fẹ́, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní ẹja ni. Ní 1893 ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ tòmátì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀fọ́ jẹ́ ìdá 10 nínú 100, èso kì í sanwó. Ilé ẹjọ́ gbà pé èso ni tòmátì lójú onímọ̀ ewéko, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ sọ ọ́ di ẹ̀fọ́. Lọ́jà wa kò sí nínú méjèèjì: ata ni. Ẹni tó ní òun ń lọ lọ ata, tòmátì ló máa ń pọ̀ jù nínú abọ́ rẹ̀.

Ṣé a kò ti gbàgbé òkú sílẹ̀ báyìí? Àjàò ṣì wà níbẹ̀. Ìdílé àdán ni, ìdílé náà sì tóbi: ó lé ní 1,400 ẹ̀yà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹranko afọ́mọlọ́mú. Linnaeus, onímọ̀ tó to àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí, kó wọn pọ̀ mọ́ ọ̀bọ àti èèyàn ní 1758. Àwọn onímọ̀ òde òní ti gbé wọn kúrò níbẹ̀: àdán sún mọ́ ẹṣin, ajá àti màlúù ju eku lọ, eku sì sún mọ́ àwa èèyàn ju àdán lọ. Ìdájọ́ àwọn eku tọ̀nà nígbà náà, ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni kò dára.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ̀ ló gbé wọn dé ibi òkú. Owó àyẹ̀wò ló mọ ògiri ti 1818, owó ibodè ló mọ ti 1893. Kò sí ẹyẹ tó bèèrè ìyẹ́ lọ́wọ́ àjàò nígbà tí wọ́n jọ ń fò, tí wọ́n jọ ń jẹ èso lórí igi kan náà. Ìgbà tó ku pósí, aṣọ òkú àti oúnjẹ àlejò ni ìyẹ́ di òfin. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ létí yín pé lágbájá kò ṣeku, kò ṣẹyẹ, ẹ rọra bi í pé èló ni ìnáwó òkú náà.