Earthing

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní earthing ni síso ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀: wáyà kan láti ara àpótí ẹ̀rọ dé ọ̀pá irin tí a gbá wọlẹ̀. Nílé ẹni tó ń fi rédíò bá ará ayé sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ orúkọ kan yìí. Èkíní ni kí iná má gbé èèyàn. Èkejì ni kí agbára àrá rí ọ̀nà wọlẹ̀ kó tó wọ ilé. Ẹ̀kẹta, tí àṣìyé pọ̀ lórí rẹ̀ jù, ni dídín ariwo inú rédíò kù.

Wáyà tó gùn tó mítà 2.5, láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé ilẹ̀, ti tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì 28 MHz. Eriali ló ti dà yẹn. Ìdí nìyí tí gbígbá ọ̀pá kún ọ̀pá kì í sábà lé ariwo lọ. Ariwo tí ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti inverter ń tú jáde sábà máa ń gba ara ìta wáyà eriali wọlé. Kí a kọ́kọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi mọ èyí tó ń dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a lọ́ wáyà eriali náà mọ́ òrùka ferrite láti dí ọ̀nà ariwo yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ so gbogbo ọ̀pá rédíò pọ̀ mọ́ ti iná ilé. Bí wọ́n bá dá wà, tí àrá sì sán, fọ́ltéèjì wọn kò ní dọ́gba, inú rédíò ni agbára àrá náà máa gbà kọjá.