Irin Dógùn-ún, Álúmíníọ̀mù Bu

Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ mi kan kì í gbé atẹ́gùn dúró. Bí mo bá fẹ́ táyà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti rọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Sábó, ní Ṣágámù. Ó wá ojú ìṣó títí, kò rí i. Ó da omi ọṣẹ sí etí rímù, ìfófòó sì ń yọ níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó tú táyà kúrò, ó fi ìka ra etí rímù náà, ó wá na ìka sí mi. Ìyẹ̀fun funfun ló wà níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn tọwọ́ bọ láfún.

"Ẹ̀gbọ́n, táyà yín ò ṣe nǹkan kan. Rímù lara ẹ̀ ò yá."

Mo ní ṣé ó ti dógùn-ún ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Irin ló ń dógùn-ún. Eléyìí kì í ṣe irin. Ó bu ni."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo ti ń wá láti bí oṣù kan. Bàbá mi tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n kó ti Amẹ́ríkà dé. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí àwọn máa wò lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn kí àwọn tó sanwó, kí n sì kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Mo jókòó, mo mú bírò, mi ò lè kọ ju ìlà mẹ́ta lọ.

Kì í ṣe orúkọ nǹkan ló dà mí láàmú. Táyà, rímù àti wíìlì bá orúkọ wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, a kàn tún ohùn wọn ṣe ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwa fúnra wa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dára. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò, ṣùgbọ́n bí o bá bèèrè kẹ̀kẹ́ ní gáréèjì Ṣágámù lónìí, Márúwá ni wọn yóò pè fún ọ. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wálé ni, kí ọkọ̀ tó jogún rẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó lé e lórí.

Àìsàn tí nǹkan kó lọ́hùn-ún ni kì í bá orúkọ wá. Ní ìgbà òtútù, omi a máa dì sójú títì nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwa ń pè é ní yìnyín tàbí òjò dídì. Wọ́n máa ń da iyọ̀ sí i, nítorí omi tó bá ní iyọ̀ nínú kì í tètè dì. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ti dán èyí wò ní ọdún 1938. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan, Ohio àti New York, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ bẹ́ẹ̀, ní orúkọ kan lẹ́nu òyìnbó. Mo kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí "ìgbànú iyọ̀". Nígbà tí mo kà á sókè, ó dún bí oògùn tí wọ́n dì mọ́ ìdí. Mo pa á rẹ́, mo kọ "àwọn ìpínlẹ̀ oníyọ̀".

Ó ku orúkọ álúmíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn láti fi ṣe rímù bíi tèmi. Mo dán "àdàlù" wò. Ta ni yóò gbọ́ àdàlù tí kò ní rántí ẹ̀wà àti àgbàdo? Mo jẹ́ kí álọ́ì máa jẹ́ álọ́ì.

Ibi tó le ni ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Bíbélì ní ìpáàrà, àwọn mìíràn ní ìpẹtà, ará ilé wa ní ó dógùn-ún. Gbogbo rẹ̀, irin pupa ló ń wá síni lójú. Omi àti atẹ́gùn ló ń mú irin dógùn-ún, iyọ̀ kàn ń mú un yára ni. Álúmíníọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Iyọ̀ ló ń dá awọ náà lu. Bí òkúta bá ti ha ọ̀dà ara rímù, ohun funfun náà á máa rìn lábẹ́ ọ̀dà, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ipa ikán lára ògiri. Ká ní ìpáàrà ni mo kọ fún méjèèjì, bàbá mi ì bá máa wá pupa, wọn ì bá sì ra funfun.

Àwọn àgbà ti ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan báyìí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ṣe olótùú ìwé èdè-ìperí tó jáde ní 1984, fún àwọn tó ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Mo bọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ, abẹ́ búkà fọkanáísà sì ni ilé tèmi yìí. Ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha etí rímù lójoojúmọ́ ti rí i pé bí búrẹ́dì ṣe ń bu ni álúmíníọ̀mù ń bu. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Iṣẹ́ tuntun ló rí ṣe.

Yàtọ̀ sí "àwọn ìpínlẹ̀ oníyọ̀", ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni mo dá sí i. Ọ̀dà kan wà tí wọ́n ń fọ́n ní ìyẹ̀fun sára rímù, tí wọ́n á wá kì í bọ ààrò kó lè yọ́ kó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo pè é ní ọ̀dà yíyan. Fọkanáísà náà gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní àwọn alátùn-ún-kùn máa gbà á.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìkẹ́nnẹ́ nìyí: Ẹ fi ìka ra etí rímù. Bí ó bá jẹ́ irin tó dógùn-ún lójú nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha á, kí wọ́n kùn ún. Bí ó bá ń ṣí ní ìpele ìpele, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ álọ́ì tó bu létí, atẹ́gùn yóò máa jò. Ẹ yọ owó títún un ṣe kúrò nínú iye tí wọ́n bá pè. Ẹ má ṣe gba oníkróòmù tó ń dán, nítorí bí iyọ̀ bá ti wọ abẹ́ króòmù, ṣíṣí ló máa ṣí. Èyí tó bá ní ọ̀dà yíyan tí nǹkan kò tíì ha níbì kankan, òun ni kí ẹ mú.