Òǹkọ̀wé Kan, Ohùn Méjì: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Iṣẹ́ I. B. Thomas

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ni ó gbà pé iṣẹ́ wa ti parí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè tẹ̀lé òfin àkọtọ́. Àkọtọ́ ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ kò tí ì di òǹkọ̀wé. Òǹkọ̀wé ni ẹni tí ó mọ èdè tí ó yẹ lẹ́tà, tí ó mọ èyí tí ó yẹ ìròyìn, tí ó sì lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìṣìnà. Ìtàn iṣẹ́-ọwọ́ àwọn tí ó ṣáájú wa lè là wá lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1843, Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1850, ìtumọ̀ tí ó ṣe sí Ìwé Róòmù tẹ̀ lé e. Ohun tí iṣẹ́ méjèèjì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra. Nínú ìwé ọ̀rọ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dá dúró, àlàyé rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nínú Ìwé Mímọ́, gbólóhùn gbọ́dọ̀ dún létí ìjọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà. Nígbà tí ó yá, èdè Bíbélì yìí di àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń fi Yorùbá kọ̀wé.

Isaac Babalola Thomas fi hàn pé ọ̀nà mìíràn tún wà. Ó dá ìwé-ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928, òun sì ni olóòtú rẹ̀. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú ìwé-ìròyìn náà lórúkọ obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Obìnrin náà ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, pé òun ti fi ìgbà èwe òun bá ọkùnrin púpọ̀ ṣe àṣejù, àti pé òun fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin fi òun kọ́gbọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà wọ̀nyí. Wọ́n di ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ kí ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà tó jáde.

Kí ni ó yí padà láàárín ohùn olóòtú àti ohùn Sẹ̀gilọlá? Olóòtú ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀: ó ń jíṣẹ́, ó ń gbani nímọ̀ràn. Sẹ̀gilọlá ń sọ ti ara rẹ̀: ó ń sunkún, ó ń kọ orin tí àwọn ará Èkó mọ̀, ó ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n mọ̀. Àwọn àgbà ní, “Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.” Ẹkún tí ó jẹ́ ẹwà nínú lẹ́tà lè ba ìròyìn jẹ́.

Nítorí pé ìwé-ìròyìn ni lẹ́tà náà ti jáde, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n sì ń káàánú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fojú fo èyí. Bí a bá kọ́ ènìyàn láti kàwé, tí a kò sì kọ́ ọ láti dá ohùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, a ti fi í lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé kọ jù ú lọ.

Nítorí náà, a dábàá ìdánrawò kan fún ilé-ẹ̀kọ́ àgbà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí àpẹẹrẹ, kànga abúlé tí ó bàjẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ bí lẹ́tà sí baálẹ̀. Kí ó tún un kọ bí ìròyìn. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá tí ń rin ọ̀nà jíjìn láti pọn omi. Yálà ó fi ɛ àti ɔ kọ ọ́ bí a ti ń ṣe ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí ó fi ẹ àti ọ kọ ọ́ bí ti Nàìjíríà, ìṣòro kan náà ni yóò bá pàdé: ta ni ń sọ̀rọ̀, ta ni ó sì ń gbọ́? Ọjọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni iṣẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í so èso.