Àpótí Irin Abẹ́ Ìjókòó: Ìtàn Ọkọ̀ Akẹ́rù ní Ọ̀nà Atakpamé

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìrìnnà ní ilẹ̀ Tógò, ọ̀rọ̀ reluwé ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Reluwé tí àwọn ará Jámánì là láti Lomé dé Agbonou, ní ẹsẹ̀ òkè Atakpamé, ní 1911 ni ó sọ ìlú wa di ibi ìkójọ ẹrù. Kí 1935 tó dé, àwọn Faransé ti nà án dé Blitta. Kò sì kọjá ibẹ̀ rí. Ẹrù tí ó bá ń lọ sí Sokodé, Kara, Dapaong àti ilẹ̀ Bùrùkínà Fasò, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọfí àti kòkó tí ó ń ti ilẹ̀ Akposso àti Badou sọ̀kalẹ̀ wá. Ọkọ̀ yìí ni a kì í sábà sọ ìtàn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín tilẹ̀ kéré ju ọkọ̀ lọ: àpótí irinṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ẹni tí ó bá tú u wò yóò mọ irú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn, yóò sì mọ bí ibi tí a ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ṣe jìnnà tó.

Ní ìgbà tí epo bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń jó, irin tí wọ́n ń pè ní manivelle kì í kúrò níbẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń kì í bọ ẹ́ńjìnnì, ọmọ iṣẹ́ a sì fi gbogbo agbára yí i. Irin náà a máa ta padà, ó sì ń ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, Berliet ti Faransé àti Mercedes ti Jámánì, gba ojú ọ̀nà, púlọ́ọ̀gì di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn dìde. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ọ̀pá epo, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní jí. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tú ìdè kékeré tí ó wà lára àsẹ́ epo, kí ó máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù títí epo yóò fi máa ṣàn láìhó, kí ó tó dè é padà. Sípánà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹni tí kò bá ní i yóò sun ojú ọ̀nà.

Táyà ni ó ń yọ awakọ̀ lẹ́nu jù lọ. Táyà àtijọ́ ní túùbù nínú, òrùka irin ni ó sì dì í mú mọ́ àgbá rẹ̀. Jáàkì, tí àwọn ọmọ wa ní Tógò ń pè ní cric, kò tó fún un. Pákó líle gbọ́dọ̀ wà tí a ó tẹ́ sábẹ́ jáàkì kí ó má baà rì sínú ilẹ̀ pupa. Irin gígùn méjì tí a fi ń yọ táyà gbọ́dọ̀ wà, àti òòlù, líìmù àti àbùlẹ̀ rọ́bà. Ikú wà nínú iṣẹ́ náà. Bí òrùka irin kò bá jókòó dáadáa nígbà tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, a fò yọ bí ọta ìbọn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà awakọ̀ fi ń fi ṣéènì we táyà, tàbí kí wọ́n da ojú òrùka dé ilẹ̀, kí wọ́n tó fọn ọ́n. Túùbù tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́ kì í di ìdọ̀tí. Wọ́n á là á sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì fi di ọ̀pá omi tí ó ya, àpò ẹrù tí ó tú, ilẹ̀kùn tí kò pa dé mọ́. Lójú tèmi, kò sí ohun tí ó wúlò tó o nínú àpótí náà, kò sì sí ẹni tí ó rà á lọ́jà.

Lẹ́yìn táyà ni sípíríǹgì, àwọn abala irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn lábẹ́ ọkọ̀. Awakọ̀ ọlọ́gbọ́n a máa gbé abala tí ó gùn jù dání. Ẹni tí kò ní in yóò gé igi, yóò há a sábẹ́ ọkọ̀ níbi tí irin ti ṣẹ́, yóò sì máa rọra wọ́ lọ títí dé Anié tàbí Atakpamé.

Igi mìíràn tún wà tí kì í wọ inú àpótí, nítorí pé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ wà. Igi líle onígun mẹ́ta ni. Lójú òkè Badou, tàbí ní àríwá níbi tí ọ̀nà ti la àpáta Alédjo kọjá, bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí ìjánu kò sì mú, ọmọ náà yóò bẹ́ sílẹ̀, yóò sì ki igi bọ ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ tó yí padà. Ẹ̀mí gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ọmọdé kan nígbà náà, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ó kéré jù.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì: franc Faransé kan tí ó jẹ́ 50 CFA di 100. Ẹ̀yà ọkọ̀ tí ń ti Yúróòpù wá gbówó lórí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò yíjú sí ẹ̀yà àlòkù tí a tú lára ọkọ̀ tí ó ti kú, àpótí abẹ́ ìjókòó sì wúwo sí i, nítorí pé ẹni tí ó bá fi àlòkù pààrọ̀ àlòkù mọ̀ pé òun yóò tún un ṣe láìpẹ́.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án 2002, ọ̀pọ̀ ẹrù Bùrùkínà Fasò, Mali àti Niger tí ó ń gba Abidjan yí padà sí èbúté Lomé, Cotonou àti Tema. Ti Lomé ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá. Ní 2005, UEMOA gbé òfin kẹrìnlá ọdún náà jáde láti fi òdiwọ̀n sí ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé, ṣùgbọ́n ìmúṣẹ rẹ̀ falẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí sípíríǹgì fi ń ṣẹ́ lójú ọ̀nà ọlọ́dà, òfin yẹn ni kí ó kọ́kọ́ kà.

Lónìí, fóònù ti wọ inú àpótí náà. Awakọ̀ a ya àwòrán ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí Lomé, nǹkan bí 160 kìlómítà sí wa, ẹ̀yà náà a sì bá bọ́ọ̀sì gòkè wá. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, sípánà kò lè ṣe púpọ̀. A ó dúró de ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó lè kà á. Àmì onígun mẹ́ta pupa tí ó ń tàn lóru, tí kò wọ́n rárá, ni ọ̀pọ̀ kò tíì rà. Ewé tútù ni wọ́n ń já sójú ọ̀nà, ewé kì í sì í tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ láti ṣọ́ ẹrù, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nígbà mìíràn. Abẹ́ ọkọ̀ ni ó ń tẹ́ ẹní sí, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, a jáde lọ já ewé mìíràn rọ́pò èyí tí ó ti rọ.