Ojú Irin Ṣábẹ̀ẹ́

Ojú irin Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ apá kan nínú ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Kútọnu, létí òkun, lọ sí Pàràkú ní àríwá Benin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 438 km. Lójú ẹni tó ń kọjá, ibùdókọ̀ kan láàárín ọ̀nà ni Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá tí àpáta ràbàtà yí ká. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ojú irin náà parí sí fún ogún ọdún ó lé.

Ọdún 1900 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn Faransé gbé e fún Georges Borelli, oníṣòwò ará Marseille, pẹ̀lú àdéhùn pé ìjọba Dàhòmì, bí Benin ṣe ń jẹ́ nígbà náà, ni yóò la ilẹ̀ tí yóò sì ṣe afárá, ilé iṣẹ́ Borelli ní tirẹ̀ yóò to irin, yóò sì máa wa ọkọ̀. Kò ṣòro láti mọ ọrùn ẹni tí ẹrù tó wúwo já lé: àwọn olóyè ni wọ́n ní kí wọ́n kó ọkùnrin wá láti ìlú àti abúlé. Irin gba Bohicon àti Ìdàáṣà kọjá, ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911. Ibẹ̀ ni ó dúró sí, Ogun Àgbáyé Kìíní kò sì pẹ́ bẹ́ sílẹ̀. 1936 ni ojú irin tó wọ Pàràkú. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tó ń ti ilẹ̀ Bàrìbá tàbí Niger bọ̀ gbọ́dọ̀ dé Ṣábẹ̀ẹ́ kó tó rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀.

Ní ìhà kejì bodè, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń to irin tiwọn: láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kano nígbà tó fi máa di 1912. Ọ̀nà méjèèjì ń gun àríwá lọ láàárín àwọn ọmọ Oòduà, wọn kò sì pàdé rí. Bí ẹnìkan tilẹ̀ so wọ́n pọ̀, ọkọ̀ kò ní lè kọjá, nítorí àlàfo irin Faransé jẹ́ 1,000 mm, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1,067 mm. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré! Ẹ̀ka tó gba Àjàṣẹ́ àti Ṣàkétè lọ sí Pọbẹ̀ náà, tó ń kó èkùrọ́ àti epo tẹ́lẹ̀, kò wọ Nàìjíríà. Ó ti di àpatì.

Síbẹ̀, wàhálà rélùwéè Nàìjíríà ló ṣe ti Dàhòmì lóore. Ẹ̀pà Niger tó ń gba Nàìjíríà lọ sí èbúté Apapa ní Èkó ń há sọ́nà, ni àwọn Faransé bá dá Opération Hirondelle sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni hirondelle. Bíi ti ẹyẹ náà, ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ ó ń bọ̀: ẹ̀pà dé Pàràkú, ọkọ̀ ojú irin gbà á níbẹ̀ lọ sí Kútọnu, epo bẹntiróò àti ọjà mìíràn ń padà sókè. Ní 1959, Dàhòmì àti Niger dá àjọ OCDN sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀nà yìí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè yí orúkọ padà sí Benin, àjọ náà di OCBN.

Ọkọ̀ èrò dáwọ́ dúró nígbà tó yá. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ láti ayé amúnisìn ni wọ́n tún ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, tí wọ́n pè ní Train d'Ébène. Ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ní Èkó, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Irú rẹ̀ ni ìbá yẹ Ṣábẹ̀ẹ́.

Ilé iṣẹ́ Bolloré gbèrò láti so Kútọnu pọ̀ mọ́ Niamey. Ẹjọ́ pẹ̀lú Petrolin, ilé iṣẹ́ Samuel Dossou-Aworet, dá a dúró. Irin tuntun bíi 140 km tí wọ́n ti tò láti Niamey sí Dosso, tí wọ́n ṣí ní 2016, wà ní Niger lọ́hùn-ún. Kò kan Pàràkú, kí a má tilẹ̀ sọ ti Ṣábẹ̀ẹ́.