“Mo Yìn Ín” àti “Ìbọn Dún”: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Ṣọ́jà Ogun Bọ́mà

Ní 15 oṣù Kìíní ọdọọdún ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn ológun rẹ̀ tó ti kú. Ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Kó tó di ìgbà náà, 11 oṣù Kọkànlá ni à ń ṣe é. Bí ọjọ́ náà bá ti pé, ọkàn mi a máa lọ sọ́dọ̀ baba méjì kan: bàbá tó bí bàbá mi, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sájẹ́ńtì. Àwọn méjèèjì ja ogun Hitler ní Bọ́mà. Ní nǹkan bí ọdún 1992, nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n máa ń jókòó sí lálaalẹ́, tí wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa ìbọn yíyìn. Èmi náà a jókòó tì wọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìtàn kan wà nínú gírámà ọ̀rọ̀ wọn.

Ọmọ ọdẹ ni bàbá àgbà. Ìbọn tó mọ̀ kó tó wọ iṣẹ́ ológun ni ṣakabùlà, tí à ń ki ẹtù àti ọta sí láti ẹnu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń dún kí a tó tún un kì, nítorí náà ọdẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran dáadáa. Ìbọn Lee-Enfield tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn yàtọ̀. Ọta mẹ́wàá ni ó ń gbà, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń tì í wọlé láti òkè. Lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún á gbé irin kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, á fà á sẹ́yìn, á tì í síwájú, á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ọta mìíràn ti bọ́ sáyè nìyẹn. Síbẹ̀, “ki ìbọn” náà ni àwọn baba wọ̀nyí ń wí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ọdẹ ni wọ́n gbé wọ bárékè.

Ẹnu wọn kì í gbẹ bó bá di ọ̀rọ̀ pápá ìdánrawò. Sájẹ́ńtì a ní, “Kọ́púrà, ṣé o rántí ọjọ́ tí ìdí ìbọn ta ọ́ léjìká, tí o ní eegun rẹ ti kán?” Bàbá àgbà a rẹ́rìn-ín. “Mo rántí. Ṣùgbọ́n mo yìn ín, ó bà á. Mo tún un yìn, ó tún bà á. Ìwọ ńkọ́? Pákó tó wà níwájú ẹlòmíràn ni o lù.” Á wá na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, á pa ojú òsì dé, á sì máa kọ́ mi: “Fojú sùn ún. Sé èémí. Má ṣe já a gbà o. Rọra fà á.” Ọ̀rọ̀ yìí náà ni mo tún bá pàdé nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́, níbi tí “àfojúsùn” ti di ohun tí olùkọ́ ń kọ sílẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. Títí di òní, n kò lè kọ ọ́ kí n má rántí ojú òsì bàbá àgbà.

Ẹ kíyè sí i: “mo yìn ín.” “Mo” ni olùwà gbólóhùn náà, kò fara pamọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti sọdá òkun dé Bọ́mà, “mo” a pòórá. “Ìbọn dún.” “Ọta ń fò.” “Ilẹ̀ mọ́, a rí òkú.” Ìbọn ti di olùwà, ènìyàn kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò gbọ́ “mo yìn ín” kan ṣoṣo lẹ́nu wọn nípa Bọ́mà rí.

Igbó lè fa èyí. Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n wà, èyí tó kọjá sí Éṣíà ní 1944. Àmì rẹ̀ ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká. Òṣùká náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ní igbó Árákàn, níbi tí mọ́tò kò lè gbà, orí ènìyàn ni wọ́n fi ru ẹrù ogun, ọ̀pọ̀ àwọn alárùú náà ni kò sì ní ìbọn lọ́wọ́. (Bí a bá ń ka àwọn tó jagun, ó yẹ ká ka àwọn náà mọ́ wọn.) Igbó náà dí tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro láti rí ọ̀tá. Lóru, àwọn ará Jàpáànù a máa pariwo, wọn a máa yìnbọn, kí ẹni tó bá dá wọn lóhùn lè fi ibùba rẹ̀ hàn. Wọ́n sì kọ́ àwọn ṣọ́jà pé kí wọ́n má ṣe yìnbọn sí ohun tí wọn kò rí. Ẹni tí kò rí ibi tí ọta rẹ̀ bọ́ sí, báwo ni yóò ṣe wí pé “ó bà á”?

Àlàyé yìí tẹ́ mi lọ́rùn fún ọdún púpọ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Ènìyàn lè sọ pé “mo yìnbọn” láìsọ pé ó ba ẹnikẹ́ni. Kò sí òfin èdè kan tó dí wọn lọ́wọ́. Mo gbà báyìí pé wọ́n ń dáàbò bo ara wọn ni, àti ọmọdé tó jókòó tì wọ́n.

Orúkọ àwọn ojú ogun náà ṣì wà láàárín wa. Árákàn wà ní Àpápá, Dodan wà ní Ìkòyí, Letmauk wà ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Ilẹ̀ Bọ́mà ni wọ́n ti mú gbogbo wọn, tí wọ́n fi sọ bárékè lórúkọ, àwọn ènìyàn sì ń bá tiwọn lọ níwájú wọn lójoojúmọ́. Ní ọdún 1994, èmi àti bàbá àgbà wọ ọkọ̀ gba Mọ́kọ́lá kọjá. Ó rí orúkọ tó wà lẹ́nu géètì, ó sì ṣí fìlà rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ dé ibẹ̀?”

Ó ní àwọn dé ibẹ̀.

“Ṣé ẹ yìnbọn níbẹ̀?”

Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá Mọ́kọ́lá tán kó tó dá mi lóhùn. “Ìbọn dún níbẹ̀,” ni ó wí, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà.