Ọdún Mọ́kànlá lẹ́yìn Ẹ̀wọ̀n: Ìgbẹ̀yìn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì

Festac Town ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kì í ṣe ìlú tí babańlá ẹnikẹ́ni tẹ̀ dó. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ, kí àwọn àlejò tí ń bọ̀ wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977 lè rí ibi sùn. Nígbà tí àjọ̀dún parí, kèké ni wọ́n ṣẹ́ kí wọ́n tó pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n olórin kan wà tí ìtàn ìlú yìí kò lè pé láìdárúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé ibẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi Fẹlá sínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò àjọ̀dún náà. Ó bínú kúrò níbẹ̀, ó sì ń fi orin bú àwọn tí ó ṣe é. Àwọn àlejò àjọ̀dún bíi Stevie Wonder àti Gilberto Gil sì wá a dé ilé ijó rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ni àjọ̀dún parí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kan náà, àwọn ọmọ ogun jó Kàlàkútà, ilé rẹ̀, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1977 kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tí àwọn òpìtàn máa ń sáré kọjá ni ọdún mọ́kànlá tí ó lò lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n tí ó gùn jù lọ nínú ayé rẹ̀, bí ẹni pé ìtàn ti parí kí olóhun tó kú.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, nígbà tí òun àti àwọn onílù rẹ̀ ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn náà ni pé ó fẹ́ kó pọ́n-ùn 1,600 jáde. Ilé ẹjọ́ tí ìjọba Bùhárí gbé kalẹ̀ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ sì ń darí ẹgbẹ́ orin náà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbáńgídá gba ìjọba ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, síbẹ̀ ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1986 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìròyìn ti gbòde pé adájọ́ tí ó dá a lẹ́bi lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, ni mínísítà ètò ìlera nínú ìjọba tí ó tú u sílẹ̀ yìí. Èyí kò mú kí òun àti ológun di ọ̀rẹ́. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu kì í ṣe orin. Ní oṣù kejì ọdún 1978 ni ó gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, ó ní òun kò gba ìgbéyàwó gbọ́ mọ́, ó sì kọ àwọn tí ó ṣẹ́kù. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ka èyí sí ọgbọ́n tí ó kọ́ nínú àhámọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni ó jẹ lára ìyà ọdún 1977 pẹ̀lú rẹ̀, orúkọ ìyàwó Fẹlá sì ni èrè tí wọ́n rí gbà. Ọjọ́ tí òmìnira dé bá a ni orúkọ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, a kò sì bi wọ́n léèrè.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1986, ó farahàn níbi eré ńlá tí Amnesty International ṣe ní New Jersey. Àjọ náà ti kà á sí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí èrò ọkàn rẹ̀. Orin tí ó fi san ẹ̀san ẹ̀wọ̀n, *Beasts of No Nation*, kò di àwo títí di ọdún 1989, Bùhárí àti Ìdíàgbọn sì jẹ nínú rẹ̀. Ọdún 1992 ni *Underground System* jáde, lórí ikú Thomas Sankara. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àwo tuntun mọ́, àwọn kan sì ń wí pé ẹ̀wọ̀n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ìdájọ́ yìí kò tọ́. Àṣà Fẹlá ni láti máa kọ orin kan ní Shrine fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gbé e sáwo. Bí ó bá sì ti di àwo, kì í kọ ọ́ fún èrò mọ́. Ẹni tí ó bá ka àwo nìkan kò ì ka orin. Orin tuntun wà ní ojúlé Shrine ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún náà.

Àìsàn ni ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún orílẹ̀-èdè nípa àrùn éèdì, ṣùgbọ́n Fẹlá kò gbà pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ń sọ̀rọ̀ òdì sí rọ́bà ìdáàbòbò. Ara rẹ̀ ti ń fà ní oṣù kẹrin ọdún 1997 nígbà tí àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró mú un nítorí igbó, tí wọ́n sì fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ. Beko àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀wọ̀n Abacha nígbà náà.

Ní ọjọ́ kejì, Olikoye pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ ní gbangba pé éèdì ni. Ní ìgbà tí àwọn ẹbí ń fi àrùn yìí pamọ́ sábẹ́ ẹní, ó nira láti rí ohun tí ó gba ìgboyà jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìtàn ilé Kútì. Púpọ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ kọ̀ láti gbà. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ ní Tafawa Balewa Square, èrò tí kò lóǹkà wá wò ó, wọ́n sì sin ín ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ní iwájú ilé rẹ̀ ní òpópó Gbẹ́misọ́lá, Ìkẹjà.